Irin Pé, Iná Kò Tàn

"Ẹ dúró ná! Nọ́ọ̀tì kẹtàdínlógún dà?"

Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sàídù ní Ọ̀yọ́ dúró gbọin. Pírínsípà Akínpẹ̀lú ti dìde lórí àga tó gbé wá láti ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó na bírò sí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n to irin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí.

"Òun nìyí, sà," Mùílì, àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà, dáhùn. "Ẹsẹ̀ yín ló wà lórí ẹ̀."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tìfura-tìfura, bí ẹni pé wọ́n ti bá òun pàrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí nọ́ọ̀tì náà, ó fi àmì sínú ìwé rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mẹkáníìkì kan ti yọ bátìrì tuntun nínú ọkọ̀ bàbá yìí, tó fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Pírínsípà ti ń kọ orúkọ gbogbo irin tí wọ́n bá tú sílẹ̀, tó sì ń fi ọ̀dà funfun kán wọn lójú. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, Dorcas ọmọ rẹ̀, tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ni yóò ṣọ́ irin dè é, pẹ̀lú ìwé físíìsì lórí itan.

Ọkọ̀ náà sì tó ohun tí à ń ṣọ́, lójú olówó rẹ̀. Bí ìsìn bá parí ní ọjọ́ Ìsinmi, Pírínsípà a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì a máa ṣiṣẹ́, bàbá a sì gbé owó onírin kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá, nàró lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ó mì?"

"Kò mì, sà!"

Ìgbà náà ni ara rẹ̀ yóò tó gba oúnjẹ ọ̀sán.

Àmọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí kọ́bọ̀ mì náà ló ti bàjẹ́ báyìí. Ọ̀gá Sàídù ti ṣàlàyé rẹ̀ láàárọ̀. "Ọ̀pá méjì wà nínú ẹ́ńjìnnì yín, sà, tí wọ́n ń yí kí ó má bàa gbọ̀n. Ojú ibi tí wọ́n jókòó sí ti jẹ, bẹ́líìtì wọn sì ti fẹ́ já. Bó bá já kó sínú bẹ́líìtì ńlá, ẹ́ńjìnnì parí nìyẹn. Láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀, a ò rí tuntun rà mọ́, n báà dé Èkó. Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n."

"Kí ẹ yọ wọ́n, kí ẹ kó wọn lọ síbo?"

"Sínú búùtù yín, sà."

"Ọkọ̀ mi á máa gbọ̀n, àbí?"

"Díẹ̀, sà."

Bàbá dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀, ó sì gbà.

Ọ̀gá Sàídù pe Mùílì sápá kan. "Yíyọ ọ̀pá kọ́ niṣẹ́. Ọ́ìlì niṣẹ́. Ọ̀pá kan máa jáde pátápátá. Èkejì ni pọ́ǹpù ọ́ìlì so mọ́, a ó gé e kúrú ni. Ṣùgbọ́n búùṣì mẹ́ta tí wọ́n jókòó sí, ihò ọ́ìlì wà lára wọn. Bí ọ̀pá bá ti kúrò tí a ò yí búùṣì náà kí ihò rẹ̀ dí, ọ́ìlì á máa tú dànù síbẹ̀, apá ibòmíràn á gbẹ. Yí méjì iwájú. Ti ẹ̀yìn jìn, ọwọ́ kò tó o. Irin gígùn tí a fi ń yí i wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ìsẹ́yìn, n ó lọ gbà á wá báyìí. Dúró dè mí o."

"Ó dáa, sà."

Ọ̀gá wọ ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó lọ.

Mùílì fẹ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, tí yóò sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Kàkí tuntun ti jáde lọ́dọ̀ télọ̀. Pátákó ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ìyá rẹ̀, tí wọ́n kọ lẹ́tà pupa sí: MÙÍLÌ ẸNJINÍÀ ÀGBÀ. Ọmọ ogún ọdún ni àgbà ọ̀hún.

Nígbà tí Mùílì yí méjì iwájú tán, tí ọwọ́ rẹ̀ dá, Pírínsípà wo aago. "Ṣé ọ̀gá rẹ nìkan ló mọ iṣẹ́ ni? Mo rò pé ìwọ náà ti di ọ̀gá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mùílì ju ẹran lọ. Ó wo ihò ẹ̀yìn. "Ihò kan ṣoṣo," ó sọ nínú ara rẹ̀. "Kí ni ihò kan fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ́ńjìnnì padà.

Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gbọ̀n díẹ̀, bí ọ̀gá ti wí. Àmọ́ nígbà tó gbóná, iná pupa ọ́ìlì, èyí tó yẹ kó ti kú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú awakọ̀. Ó ń ṣẹ́jú sí Mùílì bí ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀. Bí ó bá tún un tú, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé ẹnjiníà àgbà ṣì í ṣe. Pírínsípà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń ka irin tí wọ́n kó sí búùtù. Mùílì na ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fa wáyà tín-ń-rín kan yọ. Iná náà kú.

Nígbà tó gbójú sókè, Dorcas ń wò ó.

"Irin mi pé!" Pírínsípà kígbe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó wọnú ọkọ̀, ó pa á, ó tún yí kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá," Dorcas wí, "iná pupa máa ń kọ́kọ́ tàn kí ọkọ̀ tó jí. Kò tàn lónìí."

"Ṣé iná là ń wá ni? Ẹ́ńjìnnì ti dára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bọ̀dá Mùílì, kí ló dé tí kò tàn?"

Mùílì ń nu ọwọ́. Ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. "Ẹ ó dé ire o," ó dáhùn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mùílì kò lò tó ìdajì wákàtí. Ọ̀gá Sàídù sọ̀ kalẹ̀ nínú pikọ́ọ̀pù, irin gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ Pírínsípà dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ, sà."

Ọ̀gá wo irin ọwọ́ rẹ̀, ó wo Mùílì. "Kí lo fi yí búùṣì ẹ̀yìn?"

"Irin... irin mìíràn ni, sà."

"Gbé e wá kí n rí i."

Mùílì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí irinṣẹ́ wò.

"Wọlé sọ́kọ̀," ni Ọ̀gá Sàídù wí.

Ó ku máìlì díẹ̀ kí wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó rí Pírínsípà àti Dorcas lẹ́bàá ọ̀nà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí. Pírínsípà kúnlẹ̀ sẹ́yìn búùtù, ó ń ka irin.

"Olè ni ẹ́!" ó pariwo mọ́ Ọ̀gá Sàídù. "Ẹ́ńjìnnì mi ń lu bí òòlù alágbẹ̀dẹ, ó sì kú. O ti mú nǹkan kan níbẹ̀! Ọlọ́pàá ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wa!"

"Ẹ má bínú, sà. Búùṣì kan kù tí wọn ò yí. Ṣùgbọ́n iná pupa á ti kìlọ̀ fún yín. Kí ló dé tí ẹ kò dúró?"

"Iná kankan kò tàn!"

"Wàlláhì, ó gbọ́dọ̀ tàn, sà!"

"Ṣé o ń pè mí ní onírọ́ ni?"

Àgbàlagbà méjì ń wo ara wọn bí olè. Mùílì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di tàwọn méjèèjì, fírídọ́ọ̀mù òun yóò sì wà níbẹ̀. Dorcas ṣáà ń wò ó ni.

Ó rìn lọ síbi ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ki wáyà náà bọ àyè rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Iná pupa tàn yòò.

"Èmi ni mo fà á yọ," Mùílì wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ju ẹ́ńjìnnì lọ. "Ọ̀gá mi kò mọ̀. Ojú ló ń tì mí."

Pírínsípà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n irin mi pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Bàbá," Dorcas wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "wọn kò jí irin. Iná ni wọ́n jí."

Ní Sátidé, ẹlòmíràn ló gba fírídọ́ọ̀mù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Mùílì fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, ó sì fi irin gígùn yí búùṣì ẹ̀yìn níṣojú ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n jí ọkọ̀, iná pupa kọ́kọ́ tàn, ó kú, kò sì tún tàn mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Pírínsípà gbé kọ́bọ̀ mẹ́wàá nàró lórí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣubú.

"Kọ́bọ̀ ayé òde òní," ó wí, "kò wúwo mọ́." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ọ̀gá Sàídù fọwọ́ kan Mùílì léjìká. "Iná pupa kì í ṣe ọ̀tá wa. Àṣìṣe tí o bá fi hàn, ọwọ́ méjì la ó fi tún un ṣe. Èyí tí o bá bò mọ́lẹ̀, òun ni yóò tú ọ."

Ó di ọdún kejì kí Mùílì tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ó gbé pátákó rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó fi ọ̀dà pa ẸNJINÍÀ ÀGBÀ rẹ́, ó kọ MẸKÁNÍÌKÌ dípò rẹ̀. Lẹ́tà pupa abẹ́ ọ̀dà ṣì ń hàn díẹ̀díẹ̀. Kò tún un kùn. Ó ní kí ó máa tàn bẹ́ẹ̀.