Lékèélékèé Apá Ìlà-Oòrùn

Ikú tó pa Ummulkhair ò lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin jẹ àkàrà láàárọ̀, ó sùn lọ́sàn-án, kò jí mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, gbogbo àdúgbò ní Oto ti mọ ẹni tó pa á: Kùdírátù ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Ẹnu ayé! Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí jọ ń gbin ẹ̀fọ́ lára òkìtì tí rélùwéè gbà kọjá. Basheerah, ìyá ọmọ tó kú, wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lódìkejì. Irúgbìn kan náà, omi kànga kan náà. Síbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ Kùdírátù tutù yọ̀yọ̀, ti Basheerah gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Láràárọ̀, oko Kùdírátù nìkan ni lékèélékèé ń bà sí, wọ́n á máa tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹyẹ funfun kì í bá èèyàn lásán rìn," ni Màmá Bright, aládùúgbò wọn, wí fún Basheerah. "Ó kọ́kọ́ fa oko ẹ mu, kó tó kan ọmọ."

Ọ̀fọ̀ ò jẹ́ kí Basheerah rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, kí lọmọ mi fi ṣe yín?"

"Èmi kẹ̀, Basheerah? Bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ká wò ó."

"Ẹ pa mí lọ́mọ tán, ilẹ̀ lẹ tún ń bá mi sọ! Ẹ kúrò nílé yìí!"

Kùdírátù di ẹrù, ó lọ wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jíbówú. Ẹnikẹ́ni ò sìn ín.

Basheerah gba oko méjèèjì. Oṣù méjì kọjá, ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ń gbẹ síbẹ̀. Àjẹ́ ti lọ, ta ló wá ń mu ún? Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, ó ń roko lápá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òjìji òkìtì bò ó, ara tù ú. Ó gun òkìtì bọ́ sí apá tiẹ̀, oòrùn gbá a lójú. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán. Ó sáré padà, ó ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ó tutù, ekòló kún un.

Yéè! Ekòló ni lékèélékèé ń wá. Oòrùn ọ̀sán ló ń jẹ oko òun. Ta ló sì yan ẹ̀gbẹ́ yẹn? Òun náà ni! Ẹ̀gbọ́n ló ní kí àbúrò kọ́kọ́ mú, òun ló sáré mú ibi tó sún mọ́ oníbàárà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lékèélékèé méje yí i ká. Màmá Bright rí i láti orí òkìtì, ó yára kọjá láìkí i. Basheerah fa fóònù yọ.

"Àǹtí, ẹ foríjì mí. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹ máa bọ̀ nílé."



"Ọwọ́ mi lo bí ọmọ yẹn sí, Basheerah," ni Kùdírátù wí. "O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bá ẹ sunkún ẹ̀."

Ó pa fóònù. Basheerah pè é padà, ó pè é títí bátìrì fi kú.