Ọdún Tí Kèké Mú Rhoda

Ọjọ́ tí Rhoda Pruitt kọ́kọ́ dé ẹnu géètì wa, inú ọkọ̀ ló ti ń kígbe, torí ajá wa ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Mà. Weldon Tarrant ni mò ń wá. Àwọn aṣọ́gbó ló ní kí n wá síbí."

Mo wo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, mo rí i pé Nebraska ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ilé tó wà lẹ́yìn mi, ilé bàbá rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bánkì gbà á lọ́wọ́ wọn, bàbá tiwa ló rà á, àtilé àti pápá màlúù. Àwọn Pruitt kó kúrò ní Wyoming, wọn ò sì wẹ̀yìn.

Weldon, àbúrò mi, yọ láti ẹ̀yìn ilé, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀. Rhoda ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Ìwé àṣẹ láti pa àgbọ̀nrín ńlá, àwọn tó ga tó ẹṣin yẹn, ló ti tọrọ lọ́wọ́ ìjọba; wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké torí àwọn tó ń tọrọ pọ̀, kèké sì mú un. Orí òkè tí bàbá rẹ̀ ti máa ń dẹ̀gbẹ́ ló fẹ́ gùn. Àmọ́ igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni, ará ìta kan kì í dá ṣọdẹ níbẹ̀. Àfi kó gba afọ̀nàhàn, tàbí kí ará Wyoming kan bá a lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mi ò lówó afọ̀nàhàn," Rhoda sọ. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ òkè yẹn jù. Mo mọ̀ pé ọmọ Pruitt kọ́ ló yẹ kó wá bẹ̀ yín."

"Òfin ní mi ò gbọdọ̀ gba sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ ẹ."

"Mo mọ̀, sà."

"Oúnjẹ ńkọ́? Àbí òfin ní kí ebi pa mí sórí òkè?"

Rhoda bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ọmọ àádọ́ta ọdún ó lé ni àbúrò mi, kò níyàwó rí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n dé etí.

"Weldon, ṣọ́ra ẹ o," mo sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá gàárì kejì."

Wọ́n gòkè. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹṣin wọn ò ru ẹran kankan.

"Ẹ ò pa nǹkan kan?" mo bi wọ́n.

"A rí wọn," Rhoda dáhùn. "Weldon ni kò dákẹ́ ẹnu."

"Ìwọ lò ń bi mí ní ìbéèrè, ọkàn mi."

Ó pè é ní ọkàn mi lójú mi kòrókòró. Mo lọ gbé kọfí kaná. Inú bí mi díẹ̀, inú mi sì dùn díẹ̀, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù. Àbúrò mi tí kì í sọ ju "ó ti dára" lọ lóòjọ́ ló jókòó sí kíṣìnì tó ń ròyìn bí Rhoda ṣe ń fi ìka tọ́ ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín nínú yìnyín.

Rhoda padà sọ́dọ̀ màmá rẹ̀. Arúgbó náà ò lè dá wà mọ́, Rhoda ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Dale, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kì í yọjú. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni pé: "Tí kèké bá mú ọ, o lè lọ, màá dúró ti Màmá lọ́sẹ̀ méjì. Ohun tí Dádì ń ṣe nìyẹn, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Tí kò bá mú ọ, jókòó síbi tó o wà. Mi ò ní torí ọkùnrin wá jókòó ti arúgbó." Báyìí ló ṣe di pé ìwé ọdẹ ló kù tó lè mú àwọn méjèèjì fojú kanra.

Ẹ ó bi mí pé Weldon ò lẹ́sẹ̀ ni? Ó lọ. Ìgbà òtútù ọdún yẹn gan-an ló lọ sí Nebraska, ó wọ bàtà tó dára jù. Màmá Rhoda wo ojú rẹ̀, ó rí ojú bàbá wa níbẹ̀.

"Ọmọ Tarrant ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Rhoda ni mo wá tọrọ. Ilé yín ṣì wà níbẹ̀, Mà. Tí ẹ bá gbà, gbogbo wa lè jọ máa gbé ibẹ̀. Màá kọ ọ́ sórúkọ yín padà."

"Èmi kì í gba ohun ìní mi lọ́rẹ lọ́wọ́ ẹni tó jí i. Jáde."

Ó jáde. Rhoda sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó ń sunkún.

"Fẹ́ mi ṣá," Weldon bẹ̀ ẹ́. "Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ọdún kan péré, ìwọ náà ti di ará Wyoming, a ò ní bẹ kèké mọ́ láyé."

"Ta ló máa wẹ Màmá?"

Weldon wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó padà wálé.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de kèké nìyẹn. Tí kò bá mú ọ lọ́dún kan, máàkì kan lo máa gbà, kó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ gbogbo ayé ló ń kó máàkì jọ. Bí ti Rhoda ṣe ń lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń béèrè ń lé sí i. Lọ́jọ́ tí kèké bá sì mú ọ, gbogbo máàkì rẹ di òfo, ì báà pa ẹran, ì báà má lọ rárá. Lóṣù karùn-ún ọdọọdún, àbúrò mi á jókòó ti fóònù. Á gbé e, á gbọ́, á ní, "Kò burú, ìfẹ́ mi. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Lẹ́yìn náà á lọ tún ọgbà tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, tí orúnkún rẹ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Lọ́dún tó kọjá, kèké mú Rhoda.

Weldon pariwo débi pé àwọn màlúù sá. Ó kun ilé ní ọ̀dà, ó gé irun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí Rhoda gbéra, Dale pè é pé àìsàn ti dá ìyàwó òun gúnlẹ̀, òun ò lè wá. Rhoda wo ìwé ọdẹ náà títí, ó wo màmá rẹ̀. Ó wọ kóòtù fún màmá, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó sì ń bọ̀.

Arúgbó náà ti ń gbàgbé nǹkan púpọ̀ nígbà yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wo òkè, ó wo ilé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Rhoda, a ti délé."

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ni Weldon wí. Arúgbó náà rò pé Hank, alágbàṣe wọn àtijọ́, ni.

"Hank, ṣé o ti fún àwọn ẹṣin lómi?"

"Mo ti fún wọn, Mà."

Mo se ẹran màlúù àti ẹ̀wà, mo yan páì ápù. Ó jẹun dáadáa. Ó ní kí n má fi abọ́ ẹ̀wà síbi tí mo fi í sí, mo sì gbé e síbi tó fẹ́. Rhoda àti Weldon jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú lábẹ́ tábìlì, wọ́n rò pé mi ò rí wọn. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gòkè láàárọ̀, èmi á máa tọ́jú màmá. Ní tòótọ́, mo gbà á gbọ́ nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo rò pé ìgbàgbé arúgbó náà ló máa gba gbogbo wa là.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó dìde, tó ṣí ilẹ̀kùn láti pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan. Àmì tí ìdílé wa máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sára màlúù ló rí, gàgàrà, lára ilé ẹṣin. Bàbá wa ló kùn ún síbẹ̀ lọ́dún tó ra ilẹ̀.

Nígbà tó yíjú padà, kò sí Hank mọ́.

"Ilé olè lo mú mi wá jẹun," ó sọ fún Rhoda. Kò pariwo. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó fẹ́ pọ oúnjẹ náà jáde. Rhoda di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà arúgbó náà jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ra. Kò gba búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, kò gba omi. Ọmọ rẹ̀ wọlé tì í, inú ọkọ̀ yẹn ni ilẹ̀ mọ́ wọn sí.

Láàárọ̀, Weldon ti di ẹṣin méjèèjì ní gàárì. Bóyá ó rò pé nǹkan á yí padà, mi ò mọ̀. Rhoda sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá a lẹ́nu géètì.

"Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí. Á kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mo mọ̀. Tún fi orúkọ sílẹ̀ lóṣù kìíní."

"Máàkì mi ti tán, Weldon. A ó ti darúgbó."

"Mo mọ̀. Ṣáà fi orúkọ sílẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi, kò sọ pé òun á fi orúkọ sílẹ̀, kò sì sọ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀. Arúgbó náà ti tún gbàgbé. Ó ń wò wá láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

"Rhoda, ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Fèrèsé ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, Weldon gbọ́ ọ. Ó dúró títí eruku ọkọ̀ fi rọlẹ̀, ó sì lọ tú gàárì lára àwọn ẹṣin.