Ohun tí Ọ̀rẹ́olúwa Kò Béèrè

"Ṣé o ti bá wọn sọ̀rọ̀?" Àǹtí Dorcas, olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ, ló bi Ọ̀rẹ́olúwa bẹ́ẹ̀. "Bí àwọn ọ̀dọ́ Fìdítì ṣe ń gbé ayé wọn ni mo ní kí o wádìí, kí o kà á fún ìjọ ní Ọjọ́ Ọ̀dọ́. Ẹnu wọn ni kí o ti gbọ́ ọ o."

"Mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, mà."

Irọ́ gbuu! Kò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ó dé ìtòsí ṣọ́ọ̀bù Díákónì Bámidélé, èyí tí ọ̀dọ́kùnrin kan, Fàtáì, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá lò. Irun wọn pupa bí epo, ṣòkòtò wọn ya lórúnkún, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Mọ́tò Ìbàdàn á dé, wọn á mú onímọ́tò wọ ẹ̀yìnkùlé, wọn ò ní tètè jáde. Ẹ̀rù ba Ọ̀rẹ́olúwa, ó pẹ̀yìn dà.

Purity ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ béèrè? Ta ni kò mọ̀ pé Yàhúù ni wọ́n ń ṣe? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, jàre. Ohun táwọn àgbà fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi ohùn dídùn kà á, ó sì tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ìjọ pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ wú. Ẹ ò rí nǹkan! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Díákónì ti lé àwọn ọmọ náà, ó ti ti ilẹ̀kùn pa láìwo inú rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Ọ̀rẹ́olúwa ń ti ilé-ìwé bọ̀ nígbà tí òórùn kan gbá a nímú. Fàtáì dúró lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń wo inú. Ọsàn ló kún ibẹ̀, àpò lórí àpò, ó sì ti ń rà.

"Bọ̀ọ̀dá, ọsàn ta nìyí?"

"Tàwọn bàbá àgbẹ̀ ni. Àwa là ń fi fóònù bá wọn wá oníbàárà, onímọ́tò Ìbàdàn á sì wá kó o. Ẹni tó fẹ́ kó èyí ti lọ rà á níbòmíràn." Ó wò ó tìkàtẹ̀gbin. "Ìwọ kọ́ lo pè wá lólè ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ìgbà wo lo bi wá ní nǹkan kan rí?"

Ojú ti Ọ̀rẹ́olúwa, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Purity wí nígbà tó gbọ́. "Bí o bá lọ jẹ́wọ́, ojú á tì ẹ́!"

"Kó tì mí. Ẹnu mi ló bà á jẹ́, ẹnu mi ló máa tún un ṣe."

Ọsàn ò lè dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, ó dìde níbi ìpàdé àdúrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. N kò bi àwọn ọmọ yẹn ní ohunkóhun. Irọ́ ni mo kà fún yín."

Díákónì ní, "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọsàn àwọn àgbẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ tì. Ó ń bàjẹ́. Ẹ dákun, ẹ ṣí i lónìí."

Àǹtí Dorcas ní òun kò ní rán an níṣẹ́ ìjọ mọ́ fúngbà díẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Díákónì fúnra rẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn, Ọ̀rẹ́olúwa sì bá Fàtáì àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣa ọsàn. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti bàjẹ́.

"Ta ló máa sọ fún bàbá àgbẹ̀ tó wà ní Ìmínì?" ni Fàtáì béèrè. "Tiwọn ló pọ̀ jù."

"Èmi ni."

Lọ́jọ́ kejì, Fàtáì fi ọ̀kadà gbé e dé Ìmínì. Ọ̀rẹ́olúwa kúnlẹ̀, ó rò ó fún bàbá náà láìfi kan pe méjì. Bàbá mí kanlẹ̀.

"O ṣeun tí o wá fúnra rẹ, ọmọ mi. Inú mi dùn sí ẹ. Ṣùgbọ́n ọsàn tó rà kì í padà sórí igi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣọ àti irun kò lẹ́nu tí wọ́n fi ń ròyìn ìwà. Kí ẹ tó sọ irú ẹni tí ọmọlàkejì yín jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í.