Ọwọ́ Tí Kò Sí Nínú Fótò

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá inú ọkọ̀ ni o wà, bóyá ìdí ọjà rẹ lo jókòó sí, jọ̀wọ́ má tíì ká a sápò. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ bóyá o mọ̀ ọ́n.

Oyèlárán ni orúkọ rẹ̀. Ayafótò ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Ìkìrun, lọ́nà tó lọ sí ìdí rélùwéè. Ní nǹkan bí ọdún 1958, láti Ìbà títí dé Òkukù, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí kí wọ́n joyè, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ náà sì le. Bó bá ti ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," ìjòyè gan-an á gbé e. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tí gbogbo ayé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu kì í pẹ́ gbàgbé pé ẹnìkan wà lókè òun.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Kámẹ́rà ló ń gbé lọ, ọkàn rẹ̀ kì í bá a lọ. Bí ìjọ bá dijú gbàdúrà, tirẹ̀ á là sílẹ̀ kedere, á máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, Oyèlárán ni àwọn òbí ń mú èyí tó kù wá bá. Yóò gbé ọmọ náà jókòó sí apá ọ̀tún àga, yóò fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú kámẹ́rà, yóò yà á. Yóò tún gbé ọmọ kan náà sí apá òsì, yóò bo ìlàjì kejì, yóò tún yà á. Bó bá fọ fótò náà tán, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀, ojú kan náà, aṣọ kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí ó ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá á sunkún, wọ́n á sì dúpẹ́. "Ẹni tó bá lọ, èmi ni mò ń dá a padà," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà nílé!

Nítorí Ọlọ́run fi ìbejì ta òun náà lọ́rẹ. Ìyàwó rẹ̀, Láníkẹ́ ọmọ Inísà, bí Táyé àti Kẹ́hìndé fún un, obìnrin làwọn méjèèjì. Wọ́n ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ bàbá wọn kò tíì fìgbà kan gbé wọn jókòó kó yà wọ́n. Àpáàdì ni wọ́n fi ń jẹun nílé amọ̀kòkò. Bí Láníkẹ́ bá rán an létí, á ní, "Fi mí sílẹ̀. Èyí tí mo máa ya fún àwọn ọmọ mi, gbogbo ayé ló máa wá wò ó."

Ní ọyẹ́ ọdún kejì, ó ra ọkọ̀ Ópẹ̀lì kan tó ti gbó díẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ kí ẹ̀gbọ́n Láníkẹ́ tó ń ṣòwò ní Kùmásí. Àwọn ọmọ Inísà pọ̀ nílẹ̀ Gánà nígbà náà, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Góòlù Kóòsì. Wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Ìdí-Ìrókò, wọ́n wọ ilẹ̀ Dàhòmì. Ní ìkọjá Kútọnù, wọ́n sun abẹ́ igi àgbọn létí òkun. Nígbà tó di òwúrọ̀, àwọn ìbejì rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Bí omi bá ti ń bọ̀, wọ́n á sá. Bó bá ń padà, wọ́n á lé e. Láníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já sílẹ̀. Oyèlárán ya òkun, ó ya àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ó ya ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Kò ya ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayọ̀ wọn mọ.

Wọ́n dé etí odò Fólítà nílẹ̀ Gánà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òkúta pẹlẹbẹ kan yọrí nínú omi, kò jìnnà sí bèbè, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Oyèlárán rí i, ara rẹ̀ yá gágá. Fótò tó ti ń fọkàn yà látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyí! Ó gbé àwọn ọmọ méjèèjì lé orí òkúta, aṣọ aláró kan náà lọ́rùn wọn. Láníkẹ́ ká aṣọ sókè, ó dúró nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di Táyé lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Ìbejì, yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ ń hàn nínú fótò."

"Òkúta yìí ń yọ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n dì í mú."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Mo ní kí o fọwọ́ ọmọ yẹn sílẹ̀!"

Láníkẹ́ fọwọ́ sílẹ̀. Ọkọ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti le. Ó sún sẹ́yìn. Oyèlárán tẹrí ba, ó ń wo inú kámẹ́rà. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ọmọ kan ṣoṣo ló kù lórí òkúta.

Àwọn apẹja gbé Táyé jáde nínú omi, àmọ́ ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n sin ín sí ilẹ̀ àjèjì, níbi tí ìyá rẹ̀ kò ní lè máa dé. Ẹ̀gbọ́n Láníkẹ́ sáré dé láti Kùmásí, ó ń làágùn, ó ń bèèrè pé, "Báwo ló ṣe jẹ́? Ẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe jẹ́?"

Oyèlárán dá a lóhùn pé, "Ìyá wọn ló fọwọ́ ọmọ sílẹ̀."

Gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tó fi burú. Láníkẹ́ gbójú sókè wò ó. Láti ibẹ̀ dé Ìkìrun, ìró ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn, àti ohùn Kẹ́hìndé tó ń bèèrè èkejì rẹ̀. A kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n ní Táyé lọ sí Èkó.

Láníkẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó mú Kẹ́hìndé, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Inísà. Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Ohun tí wọ́n ṣe ju èébú lọ: nínú agboolé ńlá yẹn, kò sí ìyàwó ilé kan tó tún gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Bó bá ní kí òun bá wọn gbé ọmọ tó ń sunkún, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí," wọ́n á sì yíjú.

Ní Ìkìrun, Oyèlárán dá wà. Ó dá wà débi pé ó ń dúró lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni lè kí i. Bàtà ẹsẹ̀ kan Táyé wà lábẹ́ àga ọkọ̀; kò lè mú un kúrò, kò sì lè wò ó. Ẹ̀kọ tútù ló ń jẹ. Ògógóró tí kò tọ́ wò rí ló wá ń bá a sùn. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá ya fótò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i láti iwájú kámẹ́rà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Láníkẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àyìnkẹ́ wọlé, ó fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ọmọ yìí kì í sùn, kì í jẹun. Ohun tó ò ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíì, bá wa ṣe é fún tìrẹ. Kó rí èkejì rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ nínú fótò."

Oyèlárán gbé ọmọ náà sí apá ọ̀tún, ó yà á. Ó gbé e sí apá òsì. Ó ti mú páálí dúdú dání nígbà tí Kẹ́hìndé sún, tó sún, títí tó fi dé bèbè àga.

"Kẹ́hìndé, padà sáàárín."

"Mò ń fàyè sílẹ̀ fún Táyé ni, Bàbá. Ẹ pe Màámi kí wọ́n wá dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ má tún ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ o."

Ìyá àgbà yíjú. "Kí lọmọ yìí ń wí?"

Olúwa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un gbayawu lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kó sọ. Oyèlárán wojú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn." Ó sì ya fótò náà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wọ yàrá òkùnkùn, ó fọ fótò náà. Àwọn ọmọ méjèèjì yọ nínú omi oògùn, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ náà mọ́, ó mọ́ ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò dá ẹnikẹ́ni padà. Ẹ̀rù bà á nínú yàrá yẹn, ó pariwo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́.

Ó wọ ọkọ̀, ó kọjá Inísà láìdúró, ó dé Òkukù lọ́dọ̀ Matthew, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, tó ń ṣe tíṣà tó sì jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Ó bá a nídìí síléètì ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé. Ó jókòó, ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta, láti odò títí dé ọ̀rọ̀ tó sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Matthew kò sáré rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ta lo ti sọ èyí fún rí?"

"Ìwọ nìkan."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ṣebí ó mọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un?"

"Ó mọ̀. Àmọ́ kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ." Matthew gbé àwọn síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Oyèlárán, ó ti pẹ́ tó o ti ń fi alààyè jókòó sípò òkú. Páálí lásán ni, o sì mọ̀. Ẹnìkan wà tó dúró sípò tìrẹ lóòótọ́, tí wọ́n sì kàn án mọ́ igi. O gbé ẹ̀bi rẹ lé obìnrin aláìṣẹ̀ lórí, o kò sì bi í bóyá ó gbà. Jésù ní kí o gbé e lé òun lórí, ó sì gbà á tinútinú. Gbé e kúrò lórí Láníkẹ́. Gbé e lé ẹni tó lè rù ú."

Oyèlárán kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì láàárín àwọn síléètì. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa, èmi ni mo ní kó fọwọ́ sílẹ̀. Èmi ni. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nígbà tó dìde, ẹrù tó ti ń gbé láti etí odò kò sí lórí rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìrònúpìwàdà ní ẹsẹ̀, ó ń rìn. Kò lọ sílé. Ó yà sí Inísà, ó ní kí Ìyá Àyìnkẹ́ pe gbogbo agboolé jáde. Láníkẹ́ ń yọ òkúta lára ẹ̀wà níwájú yàrá rẹ̀. Oyèlárán dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀.

"Láníkẹ́ ò fi ọmọ sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun dì í mú, èmi ni mo jágbe mọ́ ọn. Èmi ni mo pa á láṣẹ. Èmi ni mo sì purọ́."

Láníkẹ́ gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti etí odò yẹn," ó ní. Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò bá a padà sílé lọ́jọ́ yẹn, èmi kò sì ní purọ́ fún ọ pé ó bá a padà. Ṣùgbọ́n bí Oyèlárán ti ń lọ síbi ọkọ̀, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé náà tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó tì yẹn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e. Mo fẹ́ lọ pọnmi." Oyèlárán gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ó dé ilé tó ṣófo, ó da ògógóró nù. Ó ṣì dá wà, àmọ́ ó ń bá Ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, títí òjò fi rọ̀ tó sì dá. Ìgbà yẹn ni Láníkẹ́ mú Kẹ́hìndé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwọn fẹ́ ya fótò. Kẹ́hìndé jókòó lórí àga. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oyèlárán tẹrí ba sídìí kámẹ́rà.

"Ṣé kí n yẹ̀?" Láníkẹ́ bi í.

"Rárá," ó ní. "Dì í mú."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ta ni ìwọ gbé ẹ̀bi rẹ lé lórí? Aya rẹ ni? Ọ̀rẹ́ rẹ ni, àbí ìran rẹ? O lè bo ìlàjì ojú ayé, kí wọ́n máa yìn ọ́ pé iṣẹ́ rẹ mọ́. Ọlọ́run kò wo fótò; ó wà létí odò lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tó bá bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò rí ire, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ tó sì fi í sílẹ̀ yóò rí àánú.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Oyèlárán ní òun yóò ya àwọn ọmọ òun lọ́la, ọ̀la sì bá Táyé nínú omi. Orí òkúta tó ń yọ̀ ni ìwọ náà dúró lé báyìí. Ọwọ́ tí wọ́n kàn ní ìṣó nítorí rẹ nà sí ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́, kí o sì di ọwọ́ náà mú lónìí.