Ipa Táyà Kan Lórí Iyanrìn

Láti ọjọ́ tí a ti sọdá ẹnu odò yẹn, n kò mọ adùn oúnjẹ mọ́. Wọ́n lè fi ata rodo kún ẹnu mi, kí wọ́n tún da iyọ̀ lé e; bákan náà ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń jẹ òwú. Mo ti rìn jìnnà láyé yìí. Mo ti sùn sábẹ́ afárá, mo ti sùn sí ìsọ̀ ọjà tí kò ní òrùlé, àwọn ènìyàn a sì máa bi mí pé ṣé n kò nílé ni. Mo nílé. Ọ̀fà ni ilé mi. Ìdí tí n kò fi lè débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ràímì ni orúkọ mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe lẹ́yìn ilé rélùwéè, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti máa lọ ilé wọn. Jímọ̀ télọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Àwo kan ni a fi ń jẹun láti kékeré. A sì jọ máa ń ja ìjàkadì, nítorí òun ni orò ìlú wa. Ohun tí ìlú mìíràn ń fi ẹnu yanjú, àyà ni ọmọ Ọ̀fà fi ń yanjú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo dá a, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó dá mi. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, tèmi náà á kàn án.

Jímọ̀ ló gbọ́ nípa etí òkun. Èrò ọkọ̀ ojú irin kan ló sọ fún un pé bí òkun bá fà sẹ́yìn, iyanrìn etí rẹ̀ a le bí títì ọlọ́dà, ènìyàn á gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òkun lọ́tùn-ún, igbó lósì.

"Ràímì, a ò ní kú láì rí i," ló wí.

Oyún àkọ́kọ́ wà nínú Asiata ìyàwó mi nígbà náà. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ gbé ikùn.

"Bàálé mi, ẹ lọ rí omi náà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ ọmọ yìí lórúkọ. Mi ò ní gbà kí ẹlòmíràn sọ ọ́."

Mo ní Lukman ni, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin.

"Bó bá wá jẹ́ obìnrin ńkọ́? Ẹ máa pe òun náà ní Lukman?"

Mo ṣèlérí pé n ó ti dé kí ó tó bí. Òun nìkan ni mo jẹ ní gbèsè láyé.

A gbé kẹ̀kẹ́ wa wọ ọkọ̀ ojú irin dé Èkó, a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, a kọ ojú sí ìlà oòrùn. N kò ní purọ́, ó dára. Igbó dúdú ń mí sí wa lápá òsì, odò kéékèèké ń yọ́ jáde nínú rẹ̀, a ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, a ó wọ́ odò kọjá. Jímọ̀ ń kọrin ní gbogbo ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ burú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Òkun ò ráhùn," ló fi dá mi lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé odò ńlá kan tí omi rẹ̀ dúdú bí omi aró. Bàbá arúgbó Ìlàjẹ kan jókòó sínú ọkọ̀ ọpọ́n létí rẹ̀. Ó wò wá títí.

"Ṣé àwo kan lẹ̀yin méjèèjì fi ń jẹun?"

"Láti kékeré, Bàbá," Jímọ̀ ní.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa gbé yín, nígbà náà. Odò yìí kì í gba àwọn tó ń jẹ nínú àwo kan sórí omi pọ̀. Ó máa ń fẹ́ bá wọn pín."

A gbà fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ lọ? N kò fẹ́ dúró lẹ́yìn, òun náà kò fẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ní kí àgbà ṣíwájú. Àwa bọ́ ẹ̀wù, a di ara wa mú lórí iyanrìn. A ṣubú pọ̀, a dìde, a tún ṣubú pọ̀. Mo gbọ́ tí bàbá náà ń sọ pé omi ń kún, n kò dá a lóhùn. Nígbà tí a fi máa jáwọ́, òkun ti wọ inú odò.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù tí mo lè rékọjá lónìí," bàbá ní. "Kí ẹnì kan sùn síhìn-ín."

Lójú wa, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ ni a dá. A wọ ọkọ̀ pọ̀.

Láàárín odò, ọkọ̀ náà yí ẹ̀gbẹ́ padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yíra lójú oorun. Mo rántí òtútù. Mo rántí pé ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kan mú, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Lẹ́yìn náà mo wà lórí ilẹ̀ ní òdìkejì, aṣọ mi ń kán, kẹ̀kẹ́ mi wà lọ́wọ́ mi. Jímọ̀ dúró nítòsí mi pẹ̀lú tirẹ̀. Bàbá náà ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Kò kọjú sí wa.

"Ẹ máa lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ má wẹ̀yìn."

A gun kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Jímọ̀ kò kọrin mọ́. Mo wẹ̀yìn.

Iyanrìn tutù, ó tẹ́jú bí pákó tí a fá. Ipa táyà kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, láti ẹnu odò wá. Kí n tó lè mọ̀ bóyá abẹ́ kẹ̀kẹ́ mi ló ti ń jáde tàbí abẹ́ tirẹ̀, ìgbì kan dé, ó nù ún.

"Kí lo rí?" Jímọ̀ bi mí.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Èmi náà ò rí nǹkan kan," ó ní. Mo sì mọ̀ pé ó ti rí i.

Ẹ máa ní kí ló dé tí a kò tún gun kẹ̀kẹ́ wa kí a wo ipa rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin ẹ lọ gùn ún. Èmi gbé kẹ̀kẹ́ mi lé èjìká, òun náà gbé tirẹ̀, a gba inú koríko lọ.

Ní abúlé kan, obìnrin kan tó ń yan ẹja gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, àti ọbẹ̀ fún wa. Àwo kan ló gbé wá. N kò lè sọ bóyá ẹnì kan ló rí, tàbí ó kàn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ọbẹ̀ náà pọ́n, kò sì ta mí lẹ́nu.

"Ṣé ata wà níbẹ̀?" mo bi Jímọ̀.

Ó jẹ, ó fọ ọwọ́. "Mi ò mọ̀," ó ní.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ nípa àkúdàáyà rí: ẹni tó kú síbì kan, tó sì ń gbé láàárín àwọn ènìyàn níbòmíràn. Á ṣiṣẹ́, á fẹ́ ìyàwó, á tilẹ̀ hu ewú. Ìlú rẹ̀ nìkan ni kò lè wọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó débẹ̀, á pòórá bí èéfín.

Ní ìdájí, Jímọ̀ ní, "Ẹnì kan nínú wa lè délé. Asiata ń retí rẹ, Ràímì. Ìwọ lọ."

"Bó bá wá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Ó bọ́ ẹ̀wù. Àdéhùn wa nìyí: ẹni tó bá dá ẹnì kejì ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá délé, á fi iṣẹ́ rán àwọn obìnrin tó ń ti ọ̀nà ilé wá ra ẹja létí òkun. Bí iṣẹ́ kankan kò bá dé, a jẹ́ pé òun ni ó kú. Kí ẹni tó kù dìde, kí ó máa lọ ilé rẹ̀.

A di ara wa mú. Jímọ̀ sọ mí sílẹ̀ bí ẹní. Kò dùn mí. Mo yí padà láti wò ó bóyá ẹ̀yìn mi tẹ iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Jímọ̀ ti ṣáájú ojú mi débẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀, ó nù ún títí ó fi tẹ́jú.

"O wúwo bí àpò iyọ̀," ó ní. Kò wo ojú mi. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà inú igbó lọ.

Mo dúró. Mo lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́lé sórí òpó lójú omi, níbi tí pákó ti jẹ́ ọ̀nà, nítorí pákó kì í tọ́jú ipa ẹnikẹ́ni. Mo ń dí ihò ọkọ̀, mo ń tún àwọ̀n ṣe. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Wọ́n gba òmìnira, mo gbọ́ ọ bí ìròyìn ilé onílé. Iṣẹ́ kankan kò dé láti Ọ̀fà.

Àdéhùn ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n mo mọ Jímọ̀. Ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀ kí n má baà rí òótọ́, ṣé òun ló máa fi ìròyìn ikú mi rán obìnrin ẹlẹ́ja? Mo ní ó ti délé, ó ń rán aṣọ, àánú mi ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo gbà pé èmi ni. Kò ṣòro. Ohun tí kò ládùn kò ní ìkorò náà.

Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, obìnrin kan wá ra ẹja yíyan. Abẹ́ ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe ni mo wà tí mo gbọ́ ọ.

"Ẹja yìí ti rí ìyà jù mí lọ. Ẹ bu sí i, ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn ilé ni. Mo fa fìlà bojú, mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ kú ọjà. Ọ̀fà lẹ ti wá?"

"Ọ̀fà ni, bàbá. Àdìkẹ́ ni wọ́n ń pè mí."

"Jímọ̀ télọ̀ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹja. "Jímọ̀ tó bá Ràímì lọ wo òkun? Kò dé mọ́, bàbá. Kò sẹ́ni tó dé nínú àwọn méjèèjì."

"Kò délé rárá?"

"Wọ́n rí i ní Ìjàgbò, lẹ́bàá ìlú wa níbẹ̀. Ó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ń fi ohùn burúkú yẹn kọrin. Wọ́n sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá gbálẹ̀, ó pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ibẹ̀ náà la wà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, bàbá. Ilẹ̀ tutù. Wọ́n wá ipa kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, wọn ò rí ẹyọ kan."

Mo di etí ọkọ̀ mú. Mo wá bi í nípa ìyàwó Ràímì.

"Asiata? Ó dúró títí. Nígbà tó yá, wọ́n kírun sí ọkọ rẹ̀ lára láìsí òkú, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ọkùnrin ló bí. Àwọn kan ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Lukman, ó kọ̀, ó ní baba rẹ̀ ló ni kó sọ ìyẹn. Ni àwọn àgbà bá sọ ọ́ ní Babarímisá."

Orúkọ ọmọ tí baba rẹ̀ kú kí ó tó délé ayé nìyẹn. Baba rí mi, baba sá. Baba kò tilẹ̀ rí i. Ó kàn sá ni.

Mo ṣí fìlà. "Àdìkẹ́, èmi ni Ràímì."

Kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ ń ka àdúrà, kò sì dún. Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lórí pákó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má bá mi lọ. Mo lọ́mọ nílé."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ, mo mú ẹja kan nínú èyí tó fi sílẹ̀, mo jẹ ẹ́. Kò ní iyọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo ti dé Ìjàgbò rí, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin níwájú mi, mo sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Títí dòní, bí ọ̀nà bá gbé mi gba orí iyanrìn tútù, n kì í wẹ̀yìn. Ẹ máa rò pé ẹ̀rù ń bà mí pé n ó bá ilẹ̀ lásán. Ilẹ̀ lásán ti mọ́ mi lára; òkú kì í san gbèsè. Ipa táyà ni mo ń sá fún.