Ìpara Tí Bọ́lárìnwá Kò Fi Para Rí

Ẹkún ọmọ náà ni Bọ́lárìnwá kọ́kọ́ gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wà nínú yàrá tí wọ́n fún un ní agbo ilé Ọláníyọnu, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń fi ṣíbí rọ ìpara sínú agolo kéékèèké. Ohùn Nọ́ọ̀sì Adébísí, obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní dìsípẹ́ńsárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló tẹ̀ lé ẹkún náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lẹ fi ń pa ọmọ yìí lára?"

"Osùn ni, mà." Wùmí, ìyá ọmọ, ló dáhùn.

"Osùn kì í ṣe ọmọ báyìí. Wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pọ́n yòò, awọ ń ṣí. Láti ìgbà wo ló ti kọ ọmú?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí."

"Níbo lẹ ti rí osùn náà?"

"Èyí tó ṣẹ́ kù lára osùn ìyàwó Dúpẹ́ ni, mà. Ìpara Ọmọge wà nínú rẹ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Bọ́lárìnwá.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí ojú rẹ̀ kò jọ ti olè rárá. Ará Ìwó kọ́. Lébìrà ni tẹ́lẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ oògùn àgbẹ̀ kan n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ irúgbìn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Agbárí òkú ni wọ́n yà sára agolo ìyẹ̀fun náà, ọ̀gá wọn sì kìlọ̀ títí pé májèlé ni, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kó tètè lọ wẹ̀ ẹ́. Bọ́lárìnwá wá kíyè sí i pé àwọn tí kì í wẹ ọwọ́, ọwọ́ wọn ń pupa. Ẹni tó ní ẹ̀rí ọkàn á bẹ̀rù. Ọjà ni tirẹ̀ rò. Ó jí agolo mẹ́fà, ó sá wá sí Ìwó, ó po ìyẹ̀fun náà mọ́ ọ̀rá àti lọ́fíńdà, ó sì sọ ọ́ ní Ìpara Ọmọge, ìpara tó ń mú awọ pupa. Ìgbàkígbà tó bá ń pò ó, ó máa ń fi rọ́bà wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá.

Morádéyọ̀, ìyá arúgbó tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Aládìn-ín, ló ń bá a tà á. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí ti fi ń ta àdín fún àwọn abiyamọ, kò sì sí ẹni tó ń yẹ ọjà rẹ̀ wò kó tó rà á. Òun ló fún Bọ́lárìnwá ní yàrá ní agbo ilé wọn, tó ń bu oúnjẹ fún un, tó ń pè é ní ọmọ mi. Nígbà tó bi í léèrè ohun tó wà nínú ìpara, Bọ́lárìnwá ní, "Ewé àti epo òyìnbó ni, Ìyá." Ìyá gbà á gbọ́. Bí iná bá ń jó ni lórí, tí ó tún ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ni Ìyá Aládìn-ín ì bá kọ́kọ́ gbọ̀n.

Ohun tí Bọ́lárìnwá rò ni pé àwọn ọmọge ni yóò máa fi para, wọ́n ti dàgbà, ara wọn á gbà á. Ṣùgbọ́n kò mọ àṣà agbo ilé tó ń gbé. Wọn kì í da osùn ìyàwó nù níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ti lọ sílé ọkọ, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni wọ́n ń fi ìyókù osùn rẹ̀ pa, kí òun náà lè dàgbà mú ìyàwó wálé. Ìyá Aládìn-ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ po Ìpara Ọmọge mọ́ osùn Dúpẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, kó lè máa dán. Nígbà tí Dúpẹ́ lọ tán, Wùmí gbé ìkòkò náà, ó sì fi ń pa Afọlábí, ọmọ oṣù méjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ gbọ́," Nọ́ọ̀sì ń sọ lóde, "wọ́n ní oògùn tó ń lé májèlé jáde ní ilé ìwòsàn n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n májèlé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tí n kò bá mọ ohun tó wà nínú ìpara yìí kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ yìí lè máà rí àárọ̀ ọ̀la."

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bọ́lárìnwá dìde lóòótọ́, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde.

Ó ti wọ lọ́rì Òṣogbo, ó jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ obì, nígbà tó rí Sájẹ́ǹtì Ògúnbáyọ̀, ọlọ́pàá, tó ń mú Ìyá Aládìn-ín kọjá lẹ́bàá ọ̀nà. Gèlè ti tú lórí ìyá. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń ṣépè. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo agolo ti jáde. Ta ni wọn ì bá tún mú? Bọ́lárìnwá tẹ orí ba, ojú ara rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́rì ṣí.

Nígbà tí wọ́n dé Kuta, awakọ̀ dúró láti kó ẹrù. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ́tò mìíràn dé láti Ìwó wọlé jókòó tì í, ó sì ń bá àwọn tó wà níwájú sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò gbọ́ bí? Ìyá Aládìn-ín ló ń pa ọmọ jẹ. Wọ́n ti fọ́ gbogbo ìgò àdín rẹ̀."

"Irọ́ ni," Bọ́lárìnwá sọ kó tó mọ̀. "Kò mọ nǹkan kan."

Obìnrin náà yí ojú sí i. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó gba inú oko kòkó, ariwo "Ẹ mú un" sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Ó fara pamọ́ sí abẹ́ igi tó ṣubú, àwọn tó ń lé e kọjá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó jáde sọ́nà Ilé-Ogbó. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tó ń sá kòkó ló bá pàdé níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ariwo, wọ́n sì dì í mú títí lọ́rì ọlọ́pàá fi dé.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n jókòó sí tẹ́ṣàn Ìwó. Ìyá Aládìn-ín wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Nọ́ọ̀sì Adébísí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wà níta, Wùmí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ.

"Kí ló dé tó o sá?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Mi ò sá, sà. Mò ń rìnrìn àjò."

"Láti ojú fèrèsé?"

"Mò ń sáré bá lọ́rì ni, sà."

"Ta ló po ìpara yìí?"

"Rírà ni mo rà á, sà. Ọ̀dọ̀ àwọn kan lÉkòó."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ewé ni wọ́n ní. Kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan."

Sájẹ́ǹtì ṣí agolo kan, ó tì í síwájú rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bu ú, kó o fi pa ojú."

Bọ́lárìnwá wo agolo náà, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Sájẹ́ǹtì," Ìyá Aládìn-ín dìde. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ̀rù yín ló ń bà á. Bọ́lárìnwá ò lè fún mi ní ohun tí yóò pa ọmọ ilé mi. Jíjẹ mímu la jọ ń ṣe. Ẹ wò ó, èmi fúnra mi á jẹ ẹ́ lójú yín."

Ó ki ìka sínú agolo, ó bu ú, ó gbé e lọ sẹ́nu.

Bọ́lárìnwá fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Agolo lọ lu ògiri. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún, ó ń nù ún kíkankíkan, ó sì ń sunkún.

"Ẹ má jẹ ẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́. Májèlé ni. Oògùn irúgbìn ni, èyí tí agbárí òkú wà lára agolo rẹ̀. Ó kù méjì lábẹ́ ibùsùn mi, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

Nọ́ọ̀sì kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n sáré gbé agolo náà wá, mọ́tò pásítọ̀ sì gbọ̀nà Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Aládìn-ín ń wo Bọ́lárìnwá bí ẹni tí kò rí i rí. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì jókòó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Wùmí gbé ọmọ padà dé. Afọlábí ti ń mu ọmú, ó ti ń sùn. Agbo ilé Ọláníyọnu kọrin ọpẹ́ títí ohùn wọn fi há. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé Bọ́lárìnwá lọ sí kóòtù, ó sì bẹ Sájẹ́ǹtì pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín ọjà.

Wọ́n mú un dé ibẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin pagbo. Ìsọ̀ Ìyá Aládìn-ín ṣófo. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀, Dúpẹ́, tó ti ilé ọkọ wá, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìbòrí bo ojú.

"Èmi ni mo pò ó," Bọ́lárìnwá sọ. "Ìyá ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún wọn. Ẹ má fi para mọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó agolo wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jù ú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tutọ́. Ìyálọ́jà lọ kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ Ìyá Aládìn-ín, ó ní kó má bínú, kó ṣe àdín tuntun, àwọn á rà á. Ìyá nu ojú rẹ̀.

Nígbà náà ni Dúpẹ́ dìde. Ó wá dúró níwájú Bọ́lárìnwá, ó ṣí ìbòrí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan pupa, èkejì dúdú bí ẹni tí iná jó, àbàwọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn.

"Bọ̀ọ̀dá, ojú mi ńkọ́? Ṣé á padà sí bó ṣe wà?"

Ó wo ojú náà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn.

"Mi ò mọ̀, Dúpẹ́," ó sọ. "Mi ò bèèrè rí."

Ìyá Aládìn-ín wá di ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì mú un lọ sílé lọ kí Afọlábí káàbọ̀.