Ẹni Tí Ó Buwọ́ Lu Ohun Tí Kò Wò

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, bóyá inú bọ́ọ̀sì lo wà, bóyá o ń tò fún permesso, ìwé ìgbélùú, ní questura àwọn ọlọ́pàá, fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Olúkáyọ̀dé Adémilúyì ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé gboyè nípa ẹ̀rọ ní Torino ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì rí iṣẹ́ sí officina kan ní Collegno, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje ṣe. Búlọ́ọ̀kù ni iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn odindi irin tí gbogbo ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ṣe é fún agbára igba ẹṣin, ṣùgbọ́n àwọn eléré ìje a fẹ́ kí ó gbé ti ẹgbẹ̀ta. Ẹrù ẹni mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo rù.

Káyọ̀dé a fọ irin náà nínú omi gbígbóná olóògùn. Ó máa ń gbẹ́ ihò tí písítìnnì ń sáré nínú rẹ̀, ó sì máa ń de irin tó nípọn kan mọ́ búlọ́ọ̀kù lórí nígbà tó bá ń gbẹ́ ẹ, kí ihò náà má bàa wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ tán. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀ o, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin officina ni pé kí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi mágnẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun kan báyìí wá sísán lára irin náà. Sísán tí ojú kò lè rí, ìyẹ̀fun a tò sí i lára, a sì máa tàn lábẹ́ iná. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò. Àwọn àgbà mẹkáníìkì ní ọ̀nà àtijọ́ tiwọn: wọn a so irin rọ̀ sórí ẹ̀wọ̀n, wọn a fi òòlù kékeré lù ú, wọn a tẹ́tí. Irin tó pé a dún gooro bí agogo. Èyí tó sán a dún bí ìkòkò tó ti là. Káyọ̀dé mọ ọ̀nà yìí ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Àwọn òyìnbó a máa sọ pé, "Quello ha l'orecchio," pé ọkùnrin yẹn létí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1996, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù Martina dé. Martina jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi ọkọ̀ sáré gun òkè. Àlejò kún officina lọ́jọ́ náà, Káyọ̀dé sì fọ́nnu níwájú wọn pé, "Èyí ò nílò ìyẹ̀fun. Etí mi tó."

Ó so ó rọ̀, ó lù ú. Ìró náà kò pé. Ó ku díẹ̀ káàtó nísàlẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ará mi, ó gbọ́ ọ! Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ ńlá tán, báwo ni yóò ṣe wá yíjú padà lọ gbé ìyẹ̀fun? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Perfetto," pé ó pé pérépéré. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú scheda, ìwé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù náà, pé òun ti fi ìyẹ̀fun wá sísán, òun ò rí ọ̀kan. Ó buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn oṣù kan, Martina gbé ọkọ̀ náà jáde fún ìdánwò. Búlọ́ọ̀kù là gbàrà nísàlẹ̀, ọ́ìlì dà sórí irin gbígbóná, iná sọ. Kí wọ́n tó fà á jáde, iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀gá officina gbé scheda yọ. Ìwé ní búlọ́ọ̀kù pé. Ni wọ́n bá yíjú sí Signor Bruno, bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń ṣètò epo àti afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó fún ẹ́ńjìnnì náà ló pọ̀ jù. Bàbá náà búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n lé e. Bó ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí, ó yíjú sí Káyọ̀dé.

"Ingegnere, dimmi tu. Dove ho sbagliato?" Ingegnere, ẹnjiníà, ni wọ́n ń pe Káyọ̀dé; bàbá náà ń bi í níbi tí òun ti ṣe àṣìṣe.

"Non lo so," ni Káyọ̀dé dáhùn, pé òun ò mọ̀. Ó sì mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ di ewúro lẹ́nu rẹ̀. Olúrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dáhùn, títí Ìrètíolúwa ọmọ wọn yóò fi wá fà á láṣọ: "Papà, mamma ti chiama. Non senti?" pé màmá ń pè é, ṣé kò gbọ́ ni. Kò gbọ́ lóòótọ́. Ìró irin ọjọ́ náà nìkan ló ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Simeon Ògúnjìnmí wá láti Padova, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó wàásù ní ìjọ Olúrónkẹ́ ní Barriera di Milano, ó sì bá wọn délé jẹun. Ó wo Káyọ̀dé títí.

"Káyọ̀dé, báwo ni ọkàn ẹ?"

"Bọ̀ọ̀dá Simeon, mi ò mutí, mi ò lé obìnrin kiri. Láti kékeré ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò bi ẹ́ léèrè èyí tí o ò ṣe," ni Simeon wí jẹ́jẹ́. "Èyí tí o ṣe ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún Simeon o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bọ́ síbi tó ń dun Káyọ̀dé gan-an. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún lójú ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé Ọlọ́run lè dárí èyí jì?"

"Jésù ti ru ẹ̀bi ẹ lọ sórí àgbélébùú. Gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹ́, kí o sì gbà Á. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí Bruno, ìwọ lo dì í rù ú. Lọ sọ̀ ọ́."

"Wọ́n á lé mi. Wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Permesso mi ńkọ́?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀." Simeon kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án.

Káyọ̀dé kúnlẹ̀ láàárín àwọn àga. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo fẹ́ ìyìn ju ẹ̀mí ọmọlọ́mọ lọ. Jésù, ṣàánú mi, gbà mí." Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí ọ̀gá gbé scheda wá. Ó fagi lé ọ̀rọ̀ irọ́ náà, ó kọ òtítọ́ sí i, ó tún buwọ́ lù ú. Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bruno padà. Káyọ̀dé lọ bá bàbá náà nílé láti tọrọ àforíjì, bàbá gbọ́ ọ tán, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó lọ bá Martina, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Martina ní kí ó má wá mọ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ọ̀rọ̀ dùn parí. Ẹrù ló ń tò ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, kan báyìí, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ingegnere. Ó máa ń sunkún nítorí ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà, ó ń sùn, ó sì lè wojú Ọlọ́run.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Má dúró de ọjọ́ yẹn. Má sọ pé o kì í ṣe ọ̀mùtí tàbí olè. Ibi tí o jókòó sí yìí náà ni kí o ti ké pe Jésù, kí o jẹ́wọ́ fún Un, kí o sì dìde lọ tún èyí tó wà ní ìkáwọ́ rẹ ṣe. Jésù kò lé Káyọ̀dé padà, kò ní lé ìwọ náà. Ṣùgbọ́n o lè má rí ọ̀la.

Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ lónìí?